Ìṣó Tó Wọ Ògiri Yàrá Màámi

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí omi ń kán tó, tó, tó láàárín pákó, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó bi ara mi pé kí ló dé. Àwọn tó ń pè mí kí n wá bá àwọn fi kọ̀ǹpútà ya ilé àwọn kò mọ èyí. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀." Èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀: ẹ wọn ilé nínú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lóde, ẹ má gba ohun tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ fún yín, ẹ máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lóòrèkóòrè, torí iná ọba kì í dágbére fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúpẹ́. Mi ò kí ń sọ fún wọn pé inú ẹ̀rù ni mo ti kọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn.

Mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú mi. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló bá mi gbé sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya ilé sórí láptọ́ọ̀pù mi. Háà, ẹ ò rí mi lọ́jọ́ náà! Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta, mo ti gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ síwájú rẹ̀, mo sì ti gbin àwọn igi kan yí i ká tí mi ò rí irú wọn rí láti Ìkẹ́rẹ́ dé Àgbàdo. Ilé ọ̀hún kò ní kànga. Kò ní ibi tí a lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ilé ìdáná rẹ̀ kò gba odó. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Ó dáa o. Ta ló máa gbé e?" Mo bínú sí i, mi ò dá a lóhùn títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ní ẹ̀fọ́ ni. Mo rò pé ẹni tó bá ti lè yí ilé po lójú kọ̀ǹpútà ti mọ ilé kíkọ́ nìyẹn.

Òkìkí mi kàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é, a sì ń bẹ̀rù rẹ̀, torí láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àṣẹ nínú ilé. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní ìrántí ọdún kẹwàá tí Bàbá kú ń bọ̀, òun fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé orí ilé Bàbá ní Ìṣẹ́ kí àwọn àlejò tó dé, kí èmi ya bí yóò ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí ilé náà jẹ́ fún yín. Òun ni ilé bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Àgbẹ̀ oníkòkó ni Bàbá, alàgbà ìjọ sì ni pẹ̀lú, bí wọ́n bá sì ń kí i lẹ́yìn ìsìn, "Bàbá Onílé Bulọ́ọ̀kù" ni wọ́n ń kí i. Nígbà tí wọ́n sin ín, pásítọ̀ sọ ọ́ nínú ìwàásù. Màámi náà, "Ìyá Onílé Bulọ́ọ̀kù" ni ní ọjà, ó sì máa ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni.

Mo yà á. Mo wo fọ́tò ilé náà, mo fi ojú díwọ̀n rẹ̀, mo to àwọn yàrá, mo tẹ ibì kan ṣoṣo, òkè sì dé. Ẹ̀rọ náà kò bi mí pé kí ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: orí ohunkóhun ló máa ń gbé òkè lé. Bó jẹ́ orí ìrẹsì ni ẹ ní kó gbé e lé, á gbé e lé e, á sì kun ún ní ọ̀dà. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá ṣì ní sùúrù, kí n lọ fi téèpù wọn ilé náà dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ti wọ̀ ọ́ lójú. Kí n tó rí àyè lọ, ó ti fi ránṣẹ́ sí bíríkílà kan, wọ́n sì ti ṣí páànù iwájú ilé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo wọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìṣẹ́ pẹ̀lú téèpù àti láptọ́ọ̀pù. Bíríkílà náà kí mi tayọ̀tayọ̀. Ó fi orí ògiri iwájú tí wọ́n ti ṣí páànù rẹ̀ hàn mí, bulọ́ọ̀kù méjì méjì ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbẹ̀. "Ẹ wò ó, madam. Bàbá yín kọ́lé! Ta ló tún ń kọ́ ògiri tó nípọn báyìí?" Inú mi dùn, mo gbórí sókè. Mo wọn ẹ̀yìn ilé lóde, mo wọ̀n ọ́n nínú, ó bá ti inú ẹ̀rọ mu rẹ́gí. Mo wá wọn iwájú, níbi tí pálọ̀ àti yàrá Màámi wà. Kò bá a mu. Mo tún un wọ̀n. Yàrá tó tóbi lójú kọ̀ǹpútà kéré ní tòótọ́, torí ògiri tí ẹ̀rọ ń fúnni láìbéèrè, ògiri bulọ́ọ̀kù lásán ni, ògiri iwájú ilé wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ní sísanra. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Mo ní kí n tún yàrá Màámi wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó máa bá mi di orí téèpù mú, ni mo bá ní kí n kan ìṣó kékeré mọ́ ògiri, kí n fi kọ́ ọ.

Mo fi òòlù gbá ìṣó náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé tán. Kò dún rárá. Ara bulọ́ọ̀kù, ìṣó á ta padà, á wọ́, á bú ọ. Èyí wọlé bí ìgbà tí a ki ọ̀bẹ bọ inú ẹ̀kọ. Mo fà á yọ. Erùpẹ̀ pupa tẹ̀lé e, ó ń dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ibùsùn.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

"Kí lò ń wá lára ògiri mi?"

"Màámi, amọ̀ ni."

"Bulọ́ọ̀kù ni."

"Màámi, ẹ wo erùpẹ̀..."

"Mo ní bulọ́ọ̀kù ni! Bàbá ẹ ní bulọ́ọ̀kù ni, gbogbo Ìṣẹ́ ní bulọ́ọ̀kù ni, ìwọ lo wá fi téèpù sọ ọ́ di amọ̀."

Ó mú kàlẹ́ńdà ìjọ kan níbi tó wà, ó fi bo ojú ihò náà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kíyè sí i pé kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá náà pọ̀ ju ti ẹni tó kàn fẹ́ mọ ọjọ́ lọ. Òmíràn ti gbó, àwòrán bíṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ti ṣí. Mo gbé ọ̀kan sókè, mo rí ibi tí sìmẹ́ńtì ti bọ́. Mo gbé èkejì, mo rí i. Mi ò gbé ẹ̀kẹta mọ́. Mo jókòó sétí ibùsùn.

Màámi ti ilẹ̀kùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní owó kòkó ọdún náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sí, bẹ́ẹ̀ Bàbá sì ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bulọ́ọ̀kù lòun máa fi kọ́lé. Igbó ni gbogbo àdúgbò wa nígbà náà. Òun àti Bàbá àti àwọn àbúrò òun láti Emùré ló po amọ̀, tí wọ́n mọ ọ́n títí dé òkè ojú fèrèsé. Nígbà tí owó dé, Bàbá fi bulọ́ọ̀kù parí òkè rẹ̀, ó tò ó ní méjì méjì kó lè bá sísanra amọ̀ mu, ó fi bulọ́ọ̀kù kọ́ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó ṣán igbó.

"Kò purọ́," Màámi ní. "Bulọ́ọ̀kù wà níbẹ̀."

Mo ní, "Màámi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bọ̀ọ̀dá fẹ́ gbé lé e o. Kò lè gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ikùn mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ọmú mi lo mu dàgbà. Bó o bá la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ ẹ, o ti tú bàbá ẹ síhòòhò láàárín ọjà. Ìwọ náà máa bímọ." Kò ṣépè. Màámi kò ṣépè fún ọmọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá bá fi ọmú rẹ̀ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi dánra wò, àgàgà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí oyún. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo bá Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, mo ní kí a pe ẹnjiníà kan kó wá wo ilé náà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi létí. "Ṣé àwòrán tó o yà fúnra ẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ògiri tó nípọn tó yẹn!" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Màámi wá bá wa gbé ní Ìkẹ́rẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Màámi ní òun ò lọ síbì kankan. Nígbà tí wọ́n ṣí páànù ẹ̀yìn náà, tí káfíńtà wá to igi àti ọparun tó máa gbé pákó dẹ́kìn ró, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa dúró lé, àárín wọn ni ibùsùn Màámi ṣì wà, tó ń sùn síbẹ̀ bí ẹni tó ń sùn láàárín igbó. Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀ lórí ògiri tí kò ní páànù. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí ìlà kan tó ti òkè ilẹ̀kùn rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, tín-ín-rín. Bíríkílà ní sìmẹ́ńtì ló kàn sán. Mo wo Màámi, Màámi wo ibòmíràn.

Èyí tó burú jù ni láptọ́ọ̀pù yẹn. Sọ́fítíwíà náà ní ọ̀nà kan tí èèyàn fi ń rìn kiri inú ilé tó yà, tí yóò máa rí i bí ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n dín ìga ojú kù títí yóò fi bá ti ẹni tó máa gbé ilé náà mu, torí bí ọkùnrin gíga ṣe ń rí yàrá kọ́ ni ìyá arúgbó ṣe ń rí i. Mo ṣe é fún Màámi. Mo sọ ojú kalẹ̀ dé ìwọ̀n tirẹ̀, mo sì wọ yàrá rẹ̀. Ògiri funfun, ó mọ́ tónítóní, kò sí ìlà kankan, kò sí kàlẹ́ńdà. Ilé inú ẹ̀rọ kì í sán, kì í rẹ, kì í wó. Mo ń lọ mo ń bọ̀ nínú yàrá náà lójú kọ̀ǹpútà, òógùn tútù ń bò mí, ọkọ mi sì ń bi mí pé ṣé oyún ni.

Ọjọ́ tí wọ́n máa da dẹ́kìn pé. Bọ̀ọ̀dá ti Àbújá dé pẹ̀lú bàtà òjò. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń ké, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé agbada kọnkéré gun àkàsọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń se ìrẹsì fún wọn. Wọ́n ti gbé àga fún Màámi sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde aládùúgbò wa, ó wé gèlè, àwọn èèyàn ń kí i kú oríire. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí bulọ́ọ̀kù wà ní tòótọ́, wọ́n sì ń bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kí òjò rọ̀, kí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kí ohun kan ṣáà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo máa wo ìsàlẹ̀ igi máńgòrò, àga ṣófo.

"Màámi dà?"

Obìnrin tó ń ro ìrẹsì ní, "Ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sínú ilé."

Mo sáré bí aboyún ṣe lè sáré. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Màámi wà lórí ibùsùn rẹ̀ láàárín àwọn ọparun, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Lókè orí wa, ẹsẹ̀ ń rìn gìrìgìrì, wọ́n ń pariwo, "Gbé e wá! Gbé e wá!" Omi kọnkéré ń kán láàárín pákó.

"Màámi, ẹ dìde."

"Padà síta."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi mi."

"Ulé mi rèé. Bó bá fẹ́ wó, mi ò ní dúró níta kí gbogbo Ìṣẹ́ máa wò mí lójú nígbà tí amọ̀ bàbá ẹ bá jáde."

Mo ya ẹnu láti kígbe pe Bọ̀ọ̀dá. Màámi wò mí. Ẹnu mi pa dé. Ọparun kan ké kín-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò lè sọ ọ́, mi ò lè gbé e, mi ò sì lè fi í sílẹ̀. Ni mo bá jókòó tì í, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri bíi tirẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo jókòó ni, Màámi."

"Dìde níbẹ̀! Ìwọ àti oyún?"

"Bulọ́ọ̀kù ni, Màámi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Àwọn ẹsẹ̀ òkè ń sún mọ́ wa. Erùpẹ̀ díẹ̀ já bọ́ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà kan, mo gbọ́ bó ṣe ń bọ́ wàràwàrà lẹ́yìn bébà. Ọmọ inú mi ta ẹsẹ̀, mo di ikùn mi mú, mi ò mọ̀ pé mo ti ń sunkún. Màámi wo ikùn mi. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ọparun mú, ó dìde, ó sì rìn jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú, èmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó dúró láàárín ojúde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ dúró! Ẹ dúró níbẹ̀!" Ẹ̀rọ dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá ń sáré bọ̀, ó ní, "Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Amọ̀ ni ulé yìí," Màámi wí. Gbogbo èèyàn gbọ́. "Amọ̀ ni, láti ilẹ̀ dé òkè ojú fèrèsé. Èmi àti bàbá ẹ la fi ẹsẹ̀ pò ó. Ẹ̀yìn mi lo wà, ìwọ àkọ́bí mi, tí mò ń pò ó."

Mo ti rí Bọ̀ọ̀dá nínú ìbínú, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ilé náà, ó wo Màámi. Bíríkílà bọ́ sílẹ̀, ó mú ìṣó ńlá, ó gbẹ́ igun ògiri yàrá náà. Erùpẹ̀ pupa dà sórí bàtà rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó yí ojú sókè, ó ń fi ọwọ́ júwe, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan." Àwọn ọkùnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sùn. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi kọnkéré níwájú Màámi, aṣọ Àbújá rẹ̀ tòun ti bàtà.

Wọ́n tú pákó iwájú, wọ́n fi èyí tí wọ́n ti dà lẹ́yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dá páànù padà síwájú ilé, a sì ṣe ìrántí Bàbá nínú ilé tí kò ní òkè. Àgbàlagbà kan ládùúgbò wa pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, a mọ̀. Àwa tí à ń gba ibẹ̀ lọ sóko nígbà náà, a rí amọ̀ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ní báyìí lòun ṣe ń jẹ́, ta ni yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ó sọ ọ́ bí ohun tó dáa, mo sì mọ̀ pé ire ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ lórí ìdúró. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń wo kọnkéré bó ṣe ń gun òkè.

Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi òkè lé ilé àtijọ́ fún òun, mi ò kí ń tan láptọ́ọ̀pù rárá. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú ilé náà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì máa ń bi í pé kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń kan ìṣó. Inú àwọn kan kì í dùn. Mo ti sọ iṣẹ́ nù nítorí rẹ̀.

Màámi gbé yàrá náà títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, ìrọ̀rùn ló sì kú sí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gbodò iṣu fún oúnjẹ ọ̀sán, tí ọmọ mi ń rá kòrò láàárín wa. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn. Bí mi ò bá dìde ńkọ́?" Mo ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa dìde, Màámi." Ó mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ. Irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò mọ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí, tó bá sì ń sáré kọjá níwájú mi, nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi bóyá, ká ní Màámi ò dìde lọ́jọ́ yẹn, èmi ì bá dìde.